Ààrẹ Látòósà àti Bùdó Kírìjì: Mùsùlùmí Tó Bá Èkìtì Jagun Títí Ó Fi Kú

Bí èèyàn bá dárúkọ Ààrẹ Látòósà ní Ìbàdàn, oríkì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bó bá dárúkọ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó tàbí ní Ọ̀tún, ìtàn ogun àti ẹrú kíkó ni wọn yóò pa fún un. Ọkùnrin kan náà ni. Mọ́mọ́dù ni orúkọ Mùsùlùmí rẹ̀, ó sì wà lára àwọn Mùsùlùmí tó di olórí Ìbàdàn. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Látòsísà.

A fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nítorí pé ohun méjì la máa ń gbọ́ nípa rẹ̀, méjèèjì kò sì tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn kan nínú wa a máa fi í yangàn pé Mùsùlùmí ti pàṣẹ fún ilẹ̀ Yorùbá láti Ìbàdàn dé Àkókó. Àwọn kan tí kì í ṣe Mùsùlùmí a sì máa sọ pé ogun ẹ̀sìn ló gbé wọ Èkìtì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ó wo bùdó ogun Kírìjì, lórí àwọn òkè tó wà láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni Ààrẹ lo ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí.

Àwọn ará Ìlọra nítòsí Ọ̀yọ́ ni wọ́n ni Látòósà. Ìbàdàn ló ti di èèyàn ńlá, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun tú ìlú wọn ká ṣe rí nígbà náà. Ìlú ológun ni Ìbàdàn. Kò sí ọba aládé níbẹ̀, wọn kì í sì í bi èèyàn léèrè irú ọmọ tó jẹ́ kí wọ́n tó fi joyè. Ẹni tó bá mọ ogun jà, tó ní ọmọ ogun lẹ́yìn, tó sì ní ohun tí yóò fi bọ́ wọn, oyè ń bọ̀ fún un. Ọ̀nà yìí ni Látòósà gbà gòkè títí ó fi dé ipò olórí ní ọdún 1871, lẹ́yìn ikú Orówùsì.

Oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ló gbà, òun sì ni ẹni kejìlá tó jẹ ẹ́. Oyè yìí kì í ṣe oyè ìsinmi. Àṣà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni pé Kakaǹfò gbọ́dọ̀ jáde lọ sógun lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta. Bó bá jáde, kí ó ṣẹ́gun wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé láàrin oṣù mẹ́ta. Wọ́n tún máa ń sín igba gbẹ́rẹ́ ó lé kan sí orí Kakaǹfò, wọn a sì fi oògùn sí i. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń kà á, ẹ ó ti máa ronú bí èyí ṣe bá ẹ̀sìn mu. Kò bá a mu. Ṣùgbọ́n irú Mùsùlùmí tó pọ̀ láàrin àwọn ológun ayé ìgbà náà nìyẹn: wọ́n ń kírun, wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń bọ ohun tí oyè bá ní kí wọ́n bọ. Bí a bá fẹ́ ka Látòósà mọ́ àwọn olórí Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ ká kà á mọ́ wọn bó ṣe rí gan-an.

Kí Látòósà tó joyè rárá ni ìyà ti ń jẹ àríwá Èkìtì. Apá ibi tí Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti Ọ̀tún wà yìí bọ́ sí àárín agbára mẹ́ta. Láti òkè ọya ni àwọn Nupe ti ń wá, wọ́n ń gba ilẹ̀ Yàgbà àti Àkókó kọjá, wọ́n ń kó èèyàn lọ. Láti apá ìwọ̀-oòrùn àríwá ni àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ti ń wá. Láti ìwọ̀-oòrùn ni Ìbàdàn ti ń wá, pàápàá láti ìgbà tí Balógun Ìbíkúnlé ti kó ogun wọ Èkìtì láàrin ọdún 1850 sí 1860. Ìlú tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá òkè, odi ló ń gbára lé. Èyí tí odi rẹ̀ kò bá lágbára, ó di ahoro.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni ti Ayédé, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ lónìí. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìyẹ́. Ogun fọ́ ọ. Jagunjagun ìlú náà kan, Èṣùbíyì, kó àwọn tó ṣẹ́kù jọ, ó tún gba àwọn tí ogun lé kúrò nílùú mìíràn mọ́ra, ó sì tẹ Ayédé dó ní nǹkan bí ọdún 1850. Ìlú ààbò ni ó fi ṣe, ìlú tí ológun ń ṣàkóso láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó pe ara rẹ̀ ní Ata, oyè náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Èṣùbíyì mọ̀ pé òun nìkan kò lè dá dúró láàrin Nupe, Ìlọrin àti Ìbàdàn, ó sì yan Ìbàdàn lọ́rẹ̀ẹ́. Ó tipa bẹ́ẹ̀ di pé nígbà tí púpọ̀ nínú Èkìtì ń sunkún Ìbàdàn, Ayédé jẹ́ ìlú tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ń rí bí ilé lọ́nà ìlà-oòrùn. A kò lè dá Ayédé lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tí ẹkùn mẹ́ta yí ká, yóò wá èyí tí yóò bá rìn nínú wọn.

Ẹrù tí Látòósà jogún nìyẹn. Nígbà tó gorí oyè, Iléṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú fún Ìbàdàn ní ọdún 1870 ni, ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì sì ti wà lábẹ́ ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni ẹni tí Ìbàdàn ń fi sí ìlú láti máa ṣọ́ ọ, láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, àti láti máa ròyìn fún olóyè tó rán an wá. Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ nìkan kọ́ ló ń wá. Àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ olóyè láti Ìbàdàn ń wọlé ń jáde. Ìlú ló ń bọ́ gbogbo wọn. Wọ́n ń mú ewúrẹ́ lọ́jà láìsanwó, wọ́n ń kó iṣu lóko olóko, wọ́n sì ń fọwọ́ kan obìnrin olóbìnrin. Ẹni tó bá jà, wọ́n á ní ó ṣọ̀tẹ̀ sí Ìbàdàn. Ọba ìlú kò lè sọ̀rọ̀ nítorí pé ọba fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n.

Látòósà kò dá ọ̀nà yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún un ṣe. Lójú tiwa, ibi tí ẹ̀bi rẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Ó ní agbára láti pe àwọn ajẹ́lẹ̀ padà tàbí láti fìyà jẹ wọn, kò sì ṣe é, torí pé ọrọ̀ tí wọ́n ń rí ní Èkìtì ni àwọn olóyè rẹ̀ fi ń bọ́ àwọn ọmọ ogun wọn, ẹrú tí wọ́n ń kó níbẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe oko tí wọ́n sì ń tà láti fi ra ìbọn àti ẹ̀tù. Bí Èkìtì bá dá wá, ebi ni yóò pa Ìbàdàn.

Nílé pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ le. Ní ọdún 1874 ó rọ Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà lóyè, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa obìnrin náà nínú ilé rẹ̀ lóru. Olówó ni Ẹfúnṣetán, oníṣòwò ńlá tó máa ń fún àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn, ó sì ti ń sọ fún Ààrẹ pé ogun rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní ọdún 1877, wọ́n fipá mú Ṣẹ̀ríkí Ìyàpọ̀, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, láti pa ara rẹ̀. Ayijẹ̀ńkù, olóyè ńlá mìíràn, kú irú ikú kan náà. Ẹni tó bá lágbára tó lè bá a jiyàn, kò fẹ́ kí ó wà nítòsí. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìṣòro dé, àwọn tó yí i ká bẹ̀rù rẹ̀ ju bí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ọdún 1877 yìí náà ni ìjà òun àti Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn kò sí létí òkun. Ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wọlé, ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó gbọ́dọ̀ gbà. Ààrẹ rán àwọn èèyàn lọ ra ẹ̀tù ní Pọ̀tónóvò, àwọn Ẹ̀gbá kò fẹ́ kí ọjà ogun gba ọwọ́ wọn kọjá lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe àwọn oníṣòwò náà léṣe. Látòósà gbé ogun tì wọ́n. Ìjẹ̀bú dúró ti Ẹ̀gbá. Ọ̀nà òkun dí. Ẹ má gbàgbé èyí, torí yóò tún padà wá.

Ọ̀rọ̀ tó dáná sun ilé wá ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọdún 1878. Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Oyèpẹ̀tun. Fábùnmi, ọmọ ọba ìlú náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Ìtàn tó wà nílẹ̀ ni pé Oyèpẹ̀tun ṣe ìṣekúṣe sí ìyàwó Fábùnmi, Fábùnmi sì bẹ́ ẹ lórí. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọba Èkìtì yòókù kí wọ́n pa ajẹ́lẹ̀ tiwọn náà. Ìlú kan ṣe é, òmíràn tẹ̀ lé e, títí gbogbo rẹ̀ fi gbóná. Ìbàdàn ní kí wọ́n mú Fábùnmi wá, Òkè-Ìmẹ̀sí kọ̀.

Báyìí ni Èkìtìparapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tún ni wọ́n fi ṣe olórí láàrin àwọn ọba, nítorí ipò àgbà tó wà ní. Ìjẹ̀ṣà wọlé, Ìlá wọlé, ìlú Èkìtì lóríṣiríṣi rán ọmọ ogun wá. Láti ayébáyé, ìlú Èkìtì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀ lórí òkè tirẹ̀. Ìbínú sí ajẹ́lẹ̀ ló kọ́ wọn ní ìṣọ̀kan. Ìlọrin náà wá dara pọ̀ mọ́ wọn, ibí yìí sì ni kí ẹni tó ń pe ogun yìí ní ogun ẹ̀sìn ti dánu dúró.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìlọrin, Ìlá, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti dó ti Ìkìrun. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló kó ogun Ìbàdàn wá, ó sì fọ́ wọn ká lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ, odò Ọ̀tìn kún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sómi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ogun Jálumi. Ìdùnnú ńlá ni fún Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọdún kejì rẹ̀, Ògbóríẹ̀fọ̀n kú, Èkìtì sì tún kóra jọ. Látòósà wá rí i pé òun fúnra òun ni yóò lọ parí ọ̀rọ̀ náà. Ó jáde kúrò ní Ìbàdàn pẹ̀lú ohun tó kù nínú agbára ìlú, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn ará Ìbàdàn dó sí apá Ìgbájọ. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dó sí apá Ìmẹ̀sí-Ilé. Òkè ni gbogbo ibẹ̀, òkúta àti igbó, àfonífojì sì wà láàrin bùdó méjèèjì, tí omi ń ṣàn níbẹ̀. Ojú ogun nìyẹn. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láti òkè méjèèjì, wọ́n á jà nínú àfonífojì, wọ́n á sì padà gòkè lọ sílé. Kò sí ẹni tó lè gba òkè ẹnì kejì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tán lọ́dún àkọ́kọ́, tí kò tán lọ́dún kejì, bùdó di ìlú. Àwọn tó ń rò pé bùdó ogun jẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ta sábẹ́ igi kò mọ bí Yorùbá ṣe ń jagun ní sẹ́ńtúrì náà. Wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n gbẹ́ yàrà. Olóyè kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀ nínú bùdó bó ṣe ní in nílé, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì yí agbo ilé rẹ̀ ká. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé, wọ́n sì fi koríko àti ewé bò ó. Àwọn alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tún ìbọn ṣe, tí wọ́n ń rọ ọta. Ọjà ń ná. Àwọn obìnrin ń ru oúnjẹ, epo àti iyọ̀ wá láti Òṣogbo àti Ìkìrun, wọ́n sì ń ra ẹrú padà lọ. Wọ́n dá oko sẹ́yìn bùdó. Wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ti ń sáré kiri kí ogun tó parí.

Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú bùdó náà, olórí ibẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì dé bá wọn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lé. A máa ń ronú nípa èyí nígbà mìíràn: ọkùnrin tó ń ṣínu lórí òkè Kírìjì pẹ̀lú oúnjẹ tí ẹrú Èkìtì kan gbìn.

Ogun náà gba orúkọ lọ́dọ̀ ìró ìbọn. Kírìjì ni ìró tí òkè ń gbé padà nígbà tí ìbọn ńlá Èkìtì bá dún. Ohun tó yí ogun yìí padà nìyẹn, ó sì yẹ ká dúró tì í díẹ̀.

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kan wà ní Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú tẹ́lẹ̀ tàbí ọmọ wọn, tí wọ́n dé Sàró, tí wọ́n sì padà wálé gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò tó mọ̀wé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó, Èkìtìparapọ̀ ni wọ́n pe òun náà. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, tó ń yìn kíákíá, tó sì ń lọ jìnnà, wọ́n sì fi ọ̀nà ìlà-oòrùn gbé e gba Oǹdó lọ sí bùdó. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ṣì ń lò, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Kí ọmọ Ìbàdàn tó ki ọ̀kan tán, ọmọ Èkìtì ti yìn tó bíi mélòó kan. Àwọn tí Yorùbá tà kúrò nílẹ̀ ni ó padà wá fi ìbọn dá àwọn tó ń ta èèyàn dúró.

Ìgbà yìí náà ni Ògèdèǹgbé, jagunjagun Iléṣà, wá gba ipò olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Ó ti gbé ní Ìbàdàn rí lẹ́yìn tí wọ́n mú un lójú ogun, ó sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jà bí ẹni mọ ilé ara rẹ̀. Fábùnmi kò kọ̀ fún un. Ó fi ipò sílẹ̀ fún àgbà, ó sì ń bá ogun lọ lábẹ́ rẹ̀. A gbóríyìn fún ọmọdékùnrin yẹn. Ká ní ó bá Ògèdèǹgbé du ipò ni, Ìbàdàn ì bá ti borí wọn láàrin oṣù kan.

Ìbọn ìgbàlódé náà kò ṣàì dé ọwọ́ Ìbàdàn nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ó pẹ́, ó sì wọ́n, nítorí ọ̀nà òkun tí mo ti sọ pé ó dí. Ní àkókò kan náà, ogun yí Látòósà ká. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà níwájú rẹ̀ ní Kírìjì. Ìlọrin dó ti Ọ̀fà, tí Ìbàdàn ní láti ràn lọ́wọ́. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 1882, Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ojú ogun márùn-ún fún ìlú kan. Kò tíì sí ìlú Yorùbá mìíràn tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí, ó sì yani lẹ́nu pé Ìbàdàn kò fọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ wo ibi tí àwọn Mùsùlùmí wà nínú ogun yìí. Látòósà jẹ́ Mùsùlùmí. Ìlọrin, tí ó ní ẹ́míà, tí ó wà lábẹ́ àṣẹ Gwandu àti Sókótó, bá Látòósà jà, ó sì ran Èkìtì tí kò tíì gba Ìsìláàmù lọ́wọ́. Mùsùlùmí wà lọ́pọ̀ nínú àwọn Ọ̀yọ́ tó ń jà fún Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn abọ̀rìṣà àti Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó ń rán ìbọn sí Èkìtì láti Èkó, Kìrìsìtẹ́nì ni púpọ̀ wọn. Ẹni tí yóò bá fi ẹ̀sìn pín ogun yìí, yóò pín in tì. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni ta ni yóò gba ìṣákọ́lẹ̀ Èkìtì, ta ni yóò ni ọ̀nà ọjà, ta ni yóò kó ta ni lẹ́rú. Gbogbo ẹni tó bá kàwé díẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa mọ ohun tí Ìsìláàmù sọ nípa àbòsí àti jíjẹ ohun olóhun. A kò ní láti gbèjà Látòósà lórí ìyẹn.

Ohun kan wà tó yẹ ká sọ nípa ẹni tó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa Ààrẹ, ọwọ́ Samuel Johnson ló ti wá, pásítọ̀ tó gbé ní Ìbàdàn, tó sì ń gbé lẹ́tà àti iṣẹ́ láàrin Aláàfin, bùdó àti Èkó. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí kan máa ń sọ pé Kìrìsìtẹ́nì kò lè ṣe òdodo fún Mùsùlùmí. Johnson kò fẹ́ràn ìwà líle Látòósà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó kọ nípa líle àwọn olórí Ìbàdàn tí kì í ṣe Mùsùlùmí bákan náà, kò sì pa akíkanjú Ààrẹ mọ́lẹ̀. Ó dé bùdó náà, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí àwọn Àlùfáà ìgbà náà bá kọ tiwọn lédè Lárúbáwá, yóò dára kí àwọn ọmọ wọn gbé e jáde.

Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ló kọ́kọ́ wá ọ̀nà àlàáfíà gidi. Ní ọdún 1881, ó kọ̀wé sí àwọn Òyìnbó ní Èkó pé kí wọ́n wá bá òun parí ìjà àwọn ọmọ òun. Àwọn ìránṣẹ́ wá, wọ́n lọ, wọn kò rí i ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí kò ju ọ̀kan lọ: Èkìtì kò fẹ́ ajẹ́lẹ̀ mọ́ láéláé, Ààrẹ kò sì lè padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí òfin oyè rẹ̀. Kakaǹfò tí kò ṣẹ́gun, òkú rẹ̀ ni wọ́n ń retí. Ó ti ju oṣù mẹ́ta lọ dáadáa tó ti wà lórí òkè yẹn. Bó bá ṣẹ́ odi bùdó tó sì lọ sílé, kò ní í jẹ́ nǹkan kan mọ́ lójú àwọn olóyè tó ti fi ọwọ́ líle mú. Nítorí náà ó jókòó. Odi tó mọ láti fi sé Èkìtì mọ́ ló wá sé òun fúnra rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1885, Ààrẹ Látòósà kú ní bùdó Kírìjì. Àjàyí Ọ̀ṣúngbékún ló gba ipò olórí ogun lẹ́yìn rẹ̀.

Ikú rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gómìnà Moloney ní Èkó rán Samuel Johnson sí Ìbàdàn àti Charles Phillips sí Èkìtì pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, níwájú àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fọwọ́ sí i lójú ogun níbẹ̀. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ọ̀tan, Ìrẹsì, Àdá àti Ìgbájọ dúró sọ́dọ̀ Ìbàdàn. Wọ́n wá kó ẹrù wọn jáde, wọ́n sì fi iná sí bùdó méjèèjì. Ilé tí wọ́n ti bímọ sí, ọjà tí wọ́n ti ń ná, gbogbo rẹ̀ jóná. Ìjà Ìbàdàn àti Ìlọrin lápá Ọ̀fà kò tán títí di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá tú wọn ká.

Oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ṣófo lẹ́yìn Látòósà títí di ọdún 1964, tí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá jẹ ẹ́. Kò sí ogun mọ́ tí Kakaǹfò yóò kó lọ. Ògèdèǹgbé padà sí Iléṣà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1910.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àríwá Èkìtì lẹ́yìn náà ni àwa Mùsùlùmí ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fò kọjá. Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Láti Ìbàdàn, láti Ìwó, láti Ìlọrin ni wọ́n ti ń bọ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan àti ní agbo. Àwọn kan ti lọ ní ọmọdé, wọ́n padà ní àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba Ìsìláàmù nílé olówó wọn. Wọ́n dé ìlú tí wọ́n ti ro pé wọ́n kú, wọ́n ń jẹ́ Bùráímọ̀ àti Sùlé, wọ́n ń fi omi ṣe àlùwàlá níwájú ìbátan tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn ni wọ́n tẹ́ awọ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkìtì. Kì í ṣe idà Ìbàdàn tàbí ti Ìlọrin ló gbé ẹ̀sìn dé ibẹ̀. Àwọn tí idà náà ṣẹ́ ní wọ́n gbé e dé, tinútinú, nígbà tí kò sí ẹni tó lè fipá mú wọn mọ́.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó lónìí, bí wọ́n bá tọ ìtàn wọn lẹ́yìn dáadáa, ara irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n. Àwọn kan kì í fẹ́ sọ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú tó wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́.

Ní ti òkè Kírìjì, igbó ti bo ibi tí bùdó wà. Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé tó kọjú ìbọn síra wọn jọ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nísinsìnyí. Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì sì gba orí àwọn òkè náà kọjá.